Ta Ló Já Lẹbẹ Ẹja Kẹrìnlá?

Bàbá Souradjou ti kú. Ọjọ́ Àtàláátà, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, ni ó kú nínú ilé rẹ̀ ní Tokpota, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, a sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú-ìwé yìí yóò ní irọ́ ni, nítorí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí gan-an ni Bàbá dá obìnrin kan ní Avrankou lóhùn nípa ẹja tí ó rà. Ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ìdáhùn lórúkọ ẹni tó ti kú, nítorí n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí Bàbá bá kúrò lójú-ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò ní í ṣí i mọ́. Èyí tí mo sọ fún obìnrin Avrankou náà kò tilẹ̀ tọ̀nà. Mo ní kí ó fún ọmọ rẹ̀ jẹ, pé eegun rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá, bí ẹja náà bá ṣì kù, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹnikẹ́ni nínú yín kò fura. Mo dúpẹ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n kí ni mo ń bá yín wí fún? Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja tó wà létí ọ̀sà, níbi tí Bàbá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kọ ìwé sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a sin ín. Wọ́n ní kí ó wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi wá sí ìpàdé ẹ̀kọ́ ìṣèlú ọjọ́ Àlàmísì lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe wà nínú ìwé náà nìyí: kámárádì Souradjou, bí o bá tún pa ẹ̀kẹta jẹ, a ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ síwájú ìgbìmọ̀. Ó ti pa á jẹ. Ó ti pa ẹ̀kẹrin náà jẹ. Mo ń retí ìgbìmọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú ìwé ìròyìn kékeré wa yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mọ ẹja tí ó jẹ́ ẹbí ara wọn. Bí apẹja bá kó ẹja wá láti odò Wémè, Bàbá á wo ẹnu rẹ̀, á ka ìpẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìrù, á ka eyín rẹ̀ bí ẹni ń ka eyín ọmọ jòjòló, á wá sọ ọ́ sínú ìgò tó yẹ ẹ́. Ìdílé ẹja kan wà tí ó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ní ìpẹ́ tó ń dán bí fàdákà, wọ́n ní eyín gidi, wọ́n sì ní lẹbẹ kékeré kan tó rọ̀ lẹ́yìn, nítòsí ìrù, tí kò ní eegun kankan nínú. Gbogbo ayé ń pè wọ́n ní ẹja lásán. Bàbá mọ oríṣi mẹ́tàlá nínú wọn ní odò wa níbí, ó sì mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ẹkún Asmaou ọmọ mi: èyí ti ebi, èyí ti oorun, èyí ti ìwà.

Asmaou yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa jẹ oúnjẹ àgbà, èmi sì jẹ́ ẹni tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oorun láti gbọ́ bóyá ọmọ ń mí. Eegun ẹja há èmi fúnra mi lọ́fun lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì mo pọn ọmọ, mo gbé ẹja mìíràn sínú abọ́, mo lọ bá ọkùnrin tí wọ́n ní ó mọ ẹja. Bàbá wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Ìyá Asmaou, gbé e wá ká bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Ó ní irùngbọ̀n?”

“Kò ní, Bàbá.”

“Ó ní ìpẹ́?”

“Ó ní.”

“Fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ìdí ìrù. Kí lo bá níbẹ̀?”

“Nǹkan kékeré kan, Bàbá. Ó rọ̀ bí etí ọmọ.”

“Kò ní eegun nínú, àbí? Má jẹ̀ẹ́ kí ó tàn ọ́. Inú ẹran ara rẹ̀ ni ó kó gbogbo eegun pamọ́ sí, wọ́n là sí méjì lórí bí ẹ̀ka igi. Gbé e fún ọkọ rẹ, ọkọ ní ọ̀fun. Lọ ra èpìyà fún ọmọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ojú-ìwé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ń kọ ìbéèrè, Bàbá ń dáhùn, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ń fa ìgò tàdáwà sẹ́nu.

Ó kọ́ mi pé bí a bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo nínú púpọ̀ nínú wọn, lẹbẹ abẹ́ ikùn tó wà lẹ́yìn ni kí a wò. Ti abo gún régé. Ti akọ yọ síta bí ikùn ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Òyìnbó kan tó wà níbẹ̀ kí Bàbá tó dé kò mọ èyí. Ó rí akọ, ó fún un ní orúkọ kan. Ó rí abo, ó fún un ní orúkọ mìíràn, ó sì yà wọ́n sí ìgò méjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ fi wà lórí pẹpẹ òkè tí ìyàwó wà ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń wo ara wọn láti inú oògùn tí a fi ń pa òkú ẹja mọ́. Bàbá ló kó wọn sínú ìgò kan. Ó ní ìkọ̀sílẹ̀ tí lèmọ́mù kò sí níbẹ̀ kò múlẹ̀.

Gbogbo èyí ló wà nínú kàyé kan, ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kàyé yìí sọ́kàn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Lókè ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, Bàbá á fi Faransé kọ ohun tí bùrò, ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, fẹ́. Ní ìsàlẹ̀, á fi lẹ́tà kéwú kọ ọ̀rọ̀ Nàgó, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéwú nígbà tó wà lọ́mọdé. Òkè ni ohun tí ọ̀gá wí. Ìsàlẹ̀ ni ohun tí ojú Bàbá rí.

Kí ni wọ́n wá pe irú ọkùnrin yìí nínú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́? Ìlà kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 1949: garçon de laboratoire. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Faransé, ọmọdékùnrin tó ń fọ ìgò ni. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ bímọ, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ọmọdékùnrin náà ni. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí a to gbogbo ẹja odò Wémè sí, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó yẹ kí a to òun sí.

Nígbà tí Ìyípadà dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, tí àwọn sójà gba ìjọba, Bàbá wà lára àwọn tí inú wọn dùn jù. Wọ́n ní kò ní í sí ọ̀gá àti ọmọ-ọ̀dọ̀ mọ́. Wọ́n kun ilé-iṣẹ́ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n gbé pátákó tuntun, ọmọ ilẹ̀ wa jókòó sórí àga tí òyìnbó dìde kúrò níbẹ̀. Bàbá wọ ẹ̀wù ọdún rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá tuntun náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n yí ìlà òun padà.

Ọ̀gá ní, “Kámárádì, gbogbo wa ti dọ́gba báyìí. Kí lo fẹ́ fi oyè ṣe?”

Bàbá ní, “Bí a bá ti dọ́gba, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ garçon síwájú orúkọ tiyín náà, kí ó lè gún.”

Wọ́n ní kí ó máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá ìgò, nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹja jẹrà ń ta á lójú, ó sì ń dí i láyà. Wọ́n ní bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, yóò fa àwọn ọ̀rọ̀ Ìyípadà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ya. Fèrèsé kò ṣí. Ìgbà tó yá, ikọ́ rẹ̀ ni àwọn ará Tokpota fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àwọn obìnrin á ní kí àwọn ọmọ sún bẹ́ǹṣì fún Bàbá Ẹja. Ṣé fèrèsé yẹn ló pa á? N kò kọ́ ìṣègùn, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìwé tí mo kà mọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ara ògiri náà kò ya títí di òní. Mo lọ wò ó. Ó wà ní mímọ́ tónítóní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹja kẹrìnlá.

Ní ọdún 1960, òyìnbó mìíràn dé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ó lọ sí ọjà ẹja etí ọ̀sà, ó ra ẹja mọ́kànlá lọ́wọ́ Mouibatou, tí ó ṣì jẹ́ ọmọge nígbà náà. Ó sanwó, ó ní kí ó bá òun tọ́jú wọn, òun fẹ́ lọ ra ọsàn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́ja wa máa ń ṣe sí ẹja tí a ti rà tí a fi sílẹ̀ sínú abọ́: wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò já lẹbẹ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ó ti ní olówó, kí wọ́n má bàa tún un tà. Mouibatou já gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Olóòótọ́ ọmọ ni.

Òyìnbó kó wọn délé-iṣẹ́. Ó ka ìpẹ́, ó pé. Ó ka eyín, ó pé. Ó wá lẹbẹ ẹ̀yìn, kò rí i lára ẹyọ kan. Orí rẹ̀ wú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti rí oríṣi tuntun, ẹja kẹrìnlá, tí ẹnikẹ́ni kò rí rí láyé. Bàbá gba dígí tó ń mú nǹkan tóbi, ó wo ẹ̀yìn ẹja náà, ó ní, “Mùsíyé, èékánná obìnrin nìyí.” Wọ́n ní kí ó lọ fọ ìgò.

Bàbá fọ ìgò. Lọ́jọ́ kejì ó mú Mouibatou wá. Mouibatou yọjú sí ẹnu ìgò, ó ní, “Ẹja tí mùsíyé rà lọ́wọ́ mi rèé. Kò tíì jẹ ẹ́?”

Òyìnbó náà pupa bí ata. Ó yọ ẹja kẹrìnlá kúrò nínú ìwé rẹ̀, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bàbá fi ojú-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ nínú kàyé. Lókè, ó da gbogbo Faransé òyìnbó náà kọ, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ní ìsàlẹ̀, ó fi kéwú kọ ọ́ pé: “Irọ́ ni. Ẹja kẹta náà ni. Mouibatou ló já lẹbẹ rẹ̀. Mo tọ́jú èyí kí n máa fi rẹ́rìn-ín.” Ó ti kà á fún mi tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìgbàkígbà tí ó bá sì kà á, ẹ̀rín àti ikọ́ á jọ gbé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, bí a ṣe ń pín sàráà, mọ́tò ilé-iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú wa dùn, a rò pé wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Awakọ̀ wọlé, ó ní kí Ọlọ́run foríjin Bàbá, ó jókòó, ó jẹ àkàrà, ó tún bù kún un. Nígbà tó nuwọ́ tán, ó ní ọ̀gá ní kí òun gba kàyé búlúù, pé dúkìá ilé-iṣẹ́ ni. Ìyá Lafiatou, ìyàwó Bàbá, fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi kàyé náà ṣe ẹ̀yẹ fún ọkọ òun.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìpàdé ọjọ́ Àlàmísì dé. Ẹ ro ó wò. Ọ̀gá kan náà tó mọ̀ pé Bàbá ti kú nígbà tí ó fẹ́ gba kàyé, kò mọ̀ pé ó ti kú nígbà tí ó fẹ́ ka orúkọ. Mo tẹ̀lé Ìyá Lafiatou lọ. Akọ̀wé tó ń jẹ́ Joseph la bá nídìí tábìlì, kò gbójú sókè.

“Ẹni tí a kọ ìwé sí ló yẹ kó wá.”

“Kò lè wá,” ni Ìyá Lafiatou wí.

“Ó ní ìwé dókítà?”

“Ó ní sàréè.”

Joseph wá gbójú sókè. “Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé ó fi tó wa létí?”

“Ṣé kí ó tó kú ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, Asmaou náà rín lẹ́yìn mi láìmọ ìdí. Joseph kò burú. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ní òun kò gbọ́, pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó fa ìwé àwọn tí kò wá síṣẹ́ jáde, ó gbé bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì dúró. Àyè mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé náà: àìsàn, ìrìn-àjò, láìnídìí. Ó wo Ìyá Lafiatou bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò.

“Kọ ọ́ sí ìrìn-àjò,” ni ìyá náà wí. “Irọ́ kọ́.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ ó rí i: Souradjou, ìrìn-àjò. Wọn kò kọ ọjọ́ àbọ̀.

“Kàyé ọkọ mi ńkọ́?”

“Ìyá, ti àwọn ará ìlú ni.”

“Èmi ńkọ́, ará ibo ni mí?”

Joseph ní kí a lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wà ní ìpàdé.

Ìpàdé kí ni? A rí i ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ọjọ́ ayẹyẹ ọdún kẹta Ìyípadà. Wọ́n pe gbogbo ìlú wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ẹja. Wọ́n to àwọn ìgò Bàbá sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sí, wọ́n sì lẹ páálí ńlá kan sókè wọn: Ẹja onípẹ́ fàdákà ti odò wa, ìwádìí láti ọwọ́ kámárádì ọ̀gá. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún. Mo wá orúkọ Bàbá, mo wò ó láti òkè délẹ̀, mo wo ẹ̀yìn páálí náà pàápàá. Ẹja kìíní tọ̀nà, èkejì tọ̀nà, títí dé ẹ̀kẹtàlá, ọ̀rọ̀ Bàbá ni, ẹ̀ka eegun Bàbá ni, tọkọtìyàwó wà nínú ìgò kan bí Bàbá ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ni mo bá kan ẹ̀kẹrìnlá: oríṣi tuntun, tí kò ní lẹbẹ kékeré lẹ́yìn, tí ojú Ìyípadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí rẹ̀.

N kò tíì kà á tán tí ẹnìkan fa ìró mi. Mouibatou ni, ó ti di ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, abọ́ ẹja ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ka páálí náà fún un. Ó sún mọ́ tábìlì, ó yọjú sí ìgò.

“Ìyá Asmaou, ẹja mi rèé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kò tíì jẹ ẹ́ síbẹ̀?”

Kámárádì ọ̀gá, ṣé kò sẹ́ni tó mọ kéwú nílé yín? Ọmọ ọdún mẹ́jọ èyíkéyìí ní Tokpota ìbá ti ka ìsàlẹ̀ ojú-ìwé náà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rò pé àmì lásán ni, ẹ rò pé Bàbá ń fi gègé ṣeré. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó wà láàyè, pé “Kí lo kọ síbí?”, òun fúnra rẹ̀ ìbá ti sọ fún yín, ẹ̀yin méjèèjì ìbá sì jọ rẹ́rìn-ín. Òyìnbó lé e lọ fọ ìgò, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀, ó yọ irọ́ kúrò nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ lé òyìnbó lọ, ẹ dá irọ́ rẹ̀ padà, ẹ yọ Bàbá kúrò. Ìyípadà wo la wá ń ṣe?

Ọkọ mi ka ìwé yìí lánàá, ó ní kí n má fi orúkọ mi sí i, nítorí ọmọ. Ó tọ́ kí ẹ̀rù bà á. Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni kí n fi sí i? Ti Bàbá? Mo ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó gẹ́ẹ́. Bí èmi bá lè jẹ́wọ́ fún gbogbo Àjàṣẹ́, Adjarra àti Avrankou pé mo fi orúkọ Bàbá sí ọ̀rọ̀ tèmi, kò yẹ kó nira fún yín láti jẹ́wọ́ pé ẹ fi orúkọ yín sí tirẹ̀.

Ogójì ọjọ́ Bàbá yóò pé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ ka ìsàlẹ̀ kàyé náà sókè lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n lè mọ bí bàbá wọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí ọ̀gá nítòsí. Ẹ dá kàyé padà fún Ìyá Lafiatou. Ẹ kọ orúkọ Souradjou sórí páálí náà, kí ẹ sì yọ ẹja Mouibatou kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òṣìṣẹ́ ọdún 1949, kí ẹ pa garçon rẹ́, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ tí ó ṣe síbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa pè é, ẹ bi wá, a mọ̀ ọ́n.

Ìyá Lafiatou kò ní í jáde nílé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, àfi ọjọ́ kan tí ẹ ránṣẹ́ pè é lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni ilé kẹta lẹ́yìn ẹ̀rọ omi ní Tokpota. Awakọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fún wa lésì.

Silifatou, ìyá Asmaou